Nígbà Tí Ẹ̀rọ Amúlétutù Bá Fọhùn

Ní Kétu, Mile 12 àti Ìkòsì, bí iná bá dé lálẹ́ lẹ́yìn tí ó ti lọ láti ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ló máa ń fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọdé á pariwo "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!", àwọn ẹ̀rọ amúnáwá á máa dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, fíríìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ̀rọ amúlétutù tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní éésì náà á sì jí. Ohùn tí éésì bá fọ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kí á tẹ́tí sí, nítorí inú rẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ti sábà máa ń hàn. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè? Kálukú ti ń sáré wá ibi tí yóò ti ṣájì fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ariwo nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí owó iná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, gòkè láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí ìwọ̀n iná kan. Iye náà ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti ń bọ̀. Bí éésì yín bá ń jẹ ìwọ̀n iná kan ní wákàtí kan, tí ẹ sì tan án fún wákàtí mẹ́jọ, ₦1,800 ló jẹ lóru ọjọ́ kan ní iye ₦225 yẹn. Èyí tí ara rẹ̀ kò dá lè máa ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú láì sinmi, kí ó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí yàrá má sì tutù. Ẹni tí ó ní ọmọ ọwọ́ nílé nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru Èkó bá mú, mọ ohun tí mò ń wí.

Àwa tí a gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí àwọn olùkọ́ èdè ń pè ní ìfìrógbóyèyọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró gbé òye jáde, kún ẹnu wa. Oyin ń kùn yùnmùyùnmù, ẹsẹ̀ ń dún gìrìgìrì, omi ń hó kùtùkùtù. Ẹni tó bá pe ẹnjiníà tó wí fún un pé "éésì mi ń pariwo" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá wí pé ó ń kùn yùnmùyùnmù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó wá dún kẹ́, ó sì dákẹ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ àìsàn náà tán. Kí ó kàn fi ibi tí ìró náà ti ń wá kún un, bóyá inú yàrá ni tàbí ìta. Kí ó sọ ìgbà tó ń dún, bóyá bí éésì ṣe ń dìde ni, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ni, tàbí lẹ́yìn tí a bá pa á. Kí ó sì sọ ohun tó ń bá ìró náà rìn, ìbáà ṣe òórùn, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ooru tó kọ̀ tí kò kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yọ àwọn ìró tí kì í ṣe àìsàn kúrò ńlẹ̀. Bí éésì bá ń tutù, ike ara rẹ̀ a máa sún kì. Bí a bá pa á, ike náà a máa nà padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ "tá, tá" lóru bí ẹni pé ẹnìkan ń ka ìka ọwọ́. Bí ẹ bá pa á tán tí ẹ gbọ́ "ṣììì" fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, gáàsì inú páìpù ló ń ṣàn padà kí agbára rẹ̀ lè dọ́gba níhà méjèèjì. Éésì tí wọ́n kọ "inverter" sí lára (kì í ṣe èyí tó ń lo bátìrì o) kì í dúró sójú ohùn kan: yóò gbé ohùn sókè nígbà tí yàrá bá gbóná, yóò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ó bá ti tutù. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni nítorí ìwọ̀nyí.

Ìró tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni èyí tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan: yùnmùyùnmù, kẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Fáànù inú yàrá ń fẹ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́ jáde. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà nínú àpótí ìta, tí í ṣe ọkàn éésì, ló fẹ́ dìde tí kò rí agbára dìde.

Iná tí kò lágbára ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fóòtì 230 ni wọ́n ṣètò pé kí ó máa wọ ilé ní Nàìjíríà. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ojúlé tó wà lórí tiransifọ́mà kan bá tan gbogbo ohun tí wọ́n ní, ó lè já wálẹ̀ débi pé gílóòbù yóò kàn máa pọ́n wẹ̀ẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ń fẹ́ iná ní ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá ń dìde ju ìgbà tó bá ti ń lọ gaara. Bí kò bá rí i, yóò dúró sójú kan, yóò máa kùn, wáyà inú rẹ̀ yóò máa gbóná, títí ohun tó ń dáàbò bò ó yóò fi já a kúrò lórí iná. Ìyẹn ni "kẹ́" tí ẹ gbọ́. Ohun ààbò yìí lè gbà á lónìí, ó lè gbà á lọ́la, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ fún oṣù mélòó kan, wáyà náà yóò jóná níjọ́ kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi owó ọbẹ̀ rà. Bí gílóòbù bá ti pọ́n, ẹ pa éésì. Fáànù ló tọ́ sí irú iná bẹ́ẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí iná lágbára dáadáa, síbẹ̀ tí éésì ń kùn tó sì ń já. Iná ló lọ, tó tún dé kí a tó ṣẹ́jú. Nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń fún gáàsì pọ̀ síhà kan. Bí iná bá lọ, ó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí agbára gáàsì náà tó dọ́gba. Bí iná bá padà dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ṣe ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń gbìyànjú láti dìde pẹ̀lú ẹrù lórí. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ éésì àti sitẹbiláísà fi ní ohun tó ń dá wọn dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbé iná sílẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń yọ ohun ìdádúró yìí kúrò lára sitẹbiláísà nítorí pé wọn kò fẹ́ dúró. Ooru ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í pa ènìyàn.

Bí iná bá lágbára, tí ẹ ti dúró, tí ó ṣì ń kùn, ó kan kapásítọ̀. Agolo kékeré kan ni, inú àpótí ìta ló wà, òun ló ń ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lẹ́yìn kí ó lè dìde. Ooru àti iná tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó ń gòkè a máa bà á jẹ́. Nígbà mìíràn orí rẹ̀ á wú bí agolo tòmátò tó ti bàjẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ibi tí mo ń lọ nìyí: àìsàn kapásítọ̀ àti àìsàn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jọ ara wọn létí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, ó sì rọrùn fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò mọ́ láti ta èyí tó wọ́n fún yín. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wọn kapásítọ̀ lójú yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin fúnra yín má fọwọ́ kàn án láéláé. Kapásítọ̀ ń tọ́jú iná pamọ́ sínú, ó sì lè gbé ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ éésì kúrò lára ògiri.

Kí ẹ tó dá éésì lẹ́bi, ẹ rí i dájú pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Sitẹbiláísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ó máa ń dún "kà, kà-kà" nígbà tí fóòtì bá ń sọ̀ tó ń gòkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí kò bá sinmi rárá, iná àdúgbò ni kí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun Ikeja Electric tó ń pín iná fún wa ní Kòsọ́fẹ́, kí ẹ má pe ẹnjiníà onífíríìjì. Bákan náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sàn ju aládùúgbò ẹni lọ kò lè gbé éésì, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Yóò kùn, éésì yóò kùn, ilé á sì máa gbóná lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gáàsì. Kò sí gbólóhùn tí wọ́n ń sọ fún onílé ju "Mọ́mì, gáàsì ló ti tán o" lọ. Éésì kò tutù, gáàsì ló tán. Éésì ń pariwo, gáàsì ló tán. Wọn a gbé silíńdà dé, wọn a fún un ní gáàsì, yàrá á tutù bíi yìnyín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di ìgbà tí wọ́n tún padà wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti sọ ọ́ di owó oṣooṣù bí owó ẹ̀ṣọ́ àdúgbò.

Gáàsì éésì kì í tán bí epo ọkọ̀ ṣe ń tán. Kì í jóná, éésì kì í sì í jẹ ẹ́. Inú páìpù tí a dí pa ló ti ń yípo: yóò gba ooru yàrá, yóò gbé e lọ sí ìta, yóò tú u dànù, yóò sì padà wá gbé òmíràn. Èyí tí wọ́n fi sí i ní iléeṣẹ́ ni ó yẹ kí ó lò títí yóò fi kú. Bí ó bá dín, a jẹ́ pé ihò wà níbì kan. Ẹni tó fún un ní gáàsì láì wá ihò náà kàn ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

Ìró tó ń fi èyí hàn ni "ṣììì" tí kò dáwọ́ dúró nígbà tí éésì ń ṣiṣẹ́, pàápàá láti ibi tí páìpù ti so mọ́ra. Bí gáàsì bá ti dín púpọ̀, inú éésì lè máa dún gbulugbulu bí ẹni ń da omi láti inú ìgò. Ẹ ó rí àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn: yìnyín lára páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí lára irin inú éésì, epo tó rin ibi ìsopọ̀ páìpù, afẹ́fẹ́ tí kò tutù mọ́. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ yóò fi ọṣẹ tí a pò mọ́ omi pa ibi ìsopọ̀ náà, yóò wò ó bóyá yóò hó. Yóò dí ihò. Yóò fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde tán kí ó tó fi gáàsì sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ àti omi tó bá kù síbẹ̀ yóò máa ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Yóò sì wọn gáàsì náà lórí ìwọ̀n, nítorí pé gírámù tó yẹ wà lára ìwé tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ àpótí ìta. Bí ó bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò máa ṣe làálàá, ohùn rẹ̀ yóò sì wúwo.

Orúkọ gáàsì náà wà lára ìwé yẹn. R22 ló wà nínú àwọn éésì àtijọ́. Ó wà lára àwọn gáàsì tó ń ba ààbò ojú sánmà jẹ́, tí Àdéhùn Montreal ọdún 1987 fi ń mú wọn kúrò nílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa sì ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì pátápátá ní ọdún 2030. R410A àti R32 ló wà nínú àwọn tuntun. Agbára R410A nínú páìpù ju ti R22 lọ dáadáa, R32 sì lè gbaná. A kì í pò wọ́n mọ́ra, a kì í sì í fi ọ̀kan dípò èkejì. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sínú fóònù yín lónìí kí oòrùn tó pa á rẹ́.

Omi kò gùn lẹ́nu. Willis Carrier tó ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní ọdún 1902, fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ ń wá. Ọ̀rinrin tó ń mú kí bébà wú ló fẹ́ mú kúrò. Iṣẹ́ yẹn náà ni éésì yín ń ṣe ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi. Omi tó bá fà jáde ní láti rí ọ̀nà lọ. Bí ẹ bá gbọ́ "tó-tó-tó" tàbí gbòlògbòlò nínú yàrá, tí ògiri sì ń rin, ọ̀rá àti eruku ló ti dí páìpù omi náà. Kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Ìró kẹ̀kẹ̀kẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àti gìrìgìrì sábà máa ń wá láti ìta, ohun tó sì ń fà á a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Alángbá àti ọmọńlé fẹ́ràn àpótí ìta nítorí pé ó móoru. Fáànù lè gbá wọn, tàbí kí wọ́n lọ kú sórí pátákó tí wáyà iná wà, kí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Eku a máa jẹ fóòmù tó bo páìpù. Ewé gbígbẹ àti ọ̀rá pió-wọ́tà a máa há sí i. Àwọn wọ̀nyí rọrùn. Èyí tí kò rọrùn ni irin tí wọ́n fi gbé àpótí náà kọ́ ògiri. Ní àwọn ilé alájà méjì ní Alápẹ́rẹ̀ àti Kétu, orí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá ni àpótí náà rọ̀ sí. Bí gìrìgìrì bá ń dún wọ inú ògiri yàrá, ẹ lọ dúró nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ gbójú wo bóòtù rẹ̀. Bí irin náà bá ti dípẹtà tàbí tó ń mì, ẹ pa éésì, ẹ lé àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ irin náà. Ọjà Owódé Onírin kò jìnnà.

Àwọn ilé wa sún mọ́ra ju bó ti yẹ lọ, àpótí méjì tàbí mẹ́ta sì lè kọjú síra wọn nínú kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ooru tí ọ̀kan tú jáde ni èkejì ń fà símú. Gbogbo wọn á máa ké tantan, aládùúgbò á sì máa rò pé ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kí òun sùn. Kò sí ẹnjiníà tó lè tún èyí ṣe. Àpótí náà ló yẹ kí á gbé síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá.

Ní Agiliti, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn ibi tí Odò Ògùn ti máa ń kún wọ ilé lásìkò òjò, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tú omi Ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, ẹ má gbé àpótí ìta sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rárá. Bí omi bá ti bò ó rí, ẹ má tàn án láti gbọ́ ohùn tí yóò fọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u, kí ó gbẹ ẹ́, kí ó sì wọn wáyà rẹ̀ kí iná tó kàn án.

Ohun mìíràn tó yẹ kí etí yín mọ̀ ni ìkùn tòkunbọ̀. Éésì òkèèrè tí a ti lò wà lára ohun tí Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé, síbẹ̀ a ń rí wọn lọ́jà. Iná Amẹ́ríkà ń mì ní ìgbà 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa ń mì ní ìgbà 50. Éésì tí wọ́n ṣe fún tiwọn nìkan yóò máa rìn lọ́ra níhìn-ín, yóò máa gbóná, yóò sì máa kùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àtúnṣe kankan kò ní mú ìkùn náà kúrò.

Bí fáànù bá ń ké híín-híín, tí ohùn rẹ̀ sì ń dínkù bí ó bá ti ń gbóná, bérìn ló ń jẹ. Ó ṣì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n "gbì, gbì" láti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já ilẹ̀kùn, tàbí igbe híhan tó bẹ́ lójijì, kò ní sùúrù. Ẹ pa á níbi súìṣì, kì í ṣe rìmóòtù. Bákan náà ni bí òórùn ike tó ń jóná bá ń jáde tàbí tí súìṣì ògiri fúnra rẹ̀ bá ń ta ṣáṣá tó sì gbóná. Kì í ṣe éésì nìkan ló lè jóná nígbà náà.

Èyí tí ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe ni asẹ́ inú yàrá. Bí ó bá dí, éésì yóò máa mí "fùùù" bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Ẹ pa á, ẹ ṣí iwájú rẹ̀, ẹ yọ asẹ́ náà, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a síbi òjìji kí ó gbẹ, ẹ dá a padà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ojú ọ̀nà Ìkòròdú bá ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni. Ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ rere pọ̀ ní Kòsọ́fẹ́, ìṣòro wọn sì ni pé ìgbà tí wọ́n bá dé, iná á ti lọ. Nítorí náà, bí éésì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ohùn tí ẹ kò mọ̀, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀: ìṣẹ́jú kan nínú yàrá, ìṣẹ́jú kan lẹ́bàá àpótí ìta, kí ẹ sì sọ aago tó lù àti bí iná ṣe rí sínú rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i kí ó tó gbéra nílé, kí ó lè mọ̀ bóyá kapásítọ̀ ni kí òun mú bọ̀ tàbí silíńdà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní ìwọ̀n gáàsì.